Àjàyí Crowther àti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yà tí ó Mọ̀wé Jù

Ẹni tí ó bá dúró díẹ̀ ní Ọ̀fà Garage, ní ìlú Ìlọrin, yóò gbọ́ ju èdè kan lọ. Yorùbá ni ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Tápà ń bẹ níbẹ̀, Fúlàní ń bẹ níbẹ̀, Haúsá àti Ìgbò náà kò sì gbẹ́yìn. Níbi tí irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀ bá gbé ń dúró kí ọkọ̀ kún, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ di iyàn, ọ̀kan nínú iyàn tí kì í sì í tán láàrin wọn ni ti ẹ̀yà tí ó mọ̀wé jù lọ. Àwọn kan a sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìwé wà, pé Ọlọ́run ti pín orí pípé fún ẹ̀yà kan, ó sì fi ẹ̀yà mìíràn mọ sí ìdí oko àti ẹran dídà. Àwọn mìíràn a ka iye dókítà àti agbẹjọ́rò tí ó ti ìlú wọn jáde. Àwọn tí à ń bú a bínú, àwọn tí à ń yìn a wú fùkẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yóò jọ wọ inú ọkọ̀ kan náà lọ sí Ọ̀fà.

Ìtàn ayé Samuel Àjàyí Crowther ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé n kò mọ ìtàn mìíràn tí ó tú irú iyàn bẹ́ẹ̀ wò tó o. Ó gbé láàrin ẹ̀yà púpọ̀, ó kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé, ó sì kọ èdè wọn sílẹ̀. Ó mọ bí ìwé ṣe ń dé ìlú, ó sì mọ ohun tí kì í jẹ́ kí ó dé.

Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni a bí i ní Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, tí ó sì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Ilé-ìwé kò sí ní Òṣogùn. Àjàyí mọ oko, ó mọ adìyẹ ọ̀sìn, ó ń wo bàbá rẹ̀ bí ó ti ń ta òwú. Ìmọ̀ tí gbogbo ọmọ ìlú náà ní ni òun náà ní. Orí tí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọ̀la ni ó gbé sọ́rùn nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kú ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ì bá mọ̀.

Ní ọdún 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ìyá ń se oúnjẹ lọ́wọ́, ogun yí Òṣogùn ká. Fúlàní wà nínú ẹgbẹ́ ogun náà, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Wọ́n sun ìlú náà níná. Bàbá Àjàyí sáré wá kìlọ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Wọn kò tún fi ojú kàn án mọ́. Wọ́n fi okùn so Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọjà. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ni lọ́rùn, wọ́n dá a padà. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ó sì di ìgbà kan tí iye rẹ̀ jẹ́ tábà àti ọtí rọ́ọ̀mù. Ẹ̀rù kí wọ́n má tà á fún àwọn Pọtogí bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa lóru. Níkẹyìn ó dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 187.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, kí ọkọ̀ náà tó jìnnà, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, gbà á. Àwọn ẹrú náà kò mọ̀ pé a ti gbà wọ́n là. Nígbà tí Àjàyí àti àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ dé inú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi kọ́, wọ́n sì rí ọta ìbọn ńlá tí a tò jọ. Wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni èyí, pé orí wọn sì ni ìyẹn. Ìgbà tí wọ́n súnmọ́ ọn tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ ni ọkàn wọn tó balẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù kẹfà, wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró.

Ní abúlé Bathurst ni wọ́n fi í sí, àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. ni ó sì ń ṣe àkóso ilé-ìwé ibẹ̀. Ìtàn sọ pé ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé ilé-ìwé, ó tọrọ owó kékeré lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ kan kí ó lè ra káàdì tí a kọ a, b, d sí fún ara rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ó fi ń ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá lórí àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n ń san kọ́bọ̀ díẹ̀ fún un lóṣooṣù. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ọmọ tí ẹṣin ti pọ̀ jù lójú àwọn kan láti fi ṣe ìdíyelé rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nígbà náà.

Ibí ni mo fẹ́ kí á dúró wò. Àjàyí nìkan kọ́ ni ó jókòó lórí bẹ́ńṣì ní Sàró. Àwọn ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú wá láti ibi gbogbo: Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Tápà, àwọn ará Kóńgò àti àwọn mìíràn tí orúkọ ẹ̀yà wọn ṣàjèjì sí wa. Koelle, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ṣa ọ̀rọ̀ èdè wọn jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1854, èdè tí ó rí ní Freetown nìkan sì ju 100 lọ. Ìyà kan náà ni ó jẹ gbogbo àwọn ọmọ wọ̀nyí, ilé-ìwé kan náà ni wọ́n sì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìwé wà, Sàró ni à bá ti rí i. Ohun tí a rí níbẹ̀ yàtọ̀. John Christopher Taylor, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Sàró, di àlùfáà bí Àjàyí. James Africanus Horton, ọmọ káfíńtà kan tí òun náà jẹ́ Ìgbò, gba oyè dókítà ní Edinburgh ní ọdún 1859. Ní ọdún náà, ilé-ìwé kò tíì tó ọdún méjì ní Onitsha, tí í ṣe ilẹ̀ àwọn Ìgbò fúnra wọn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Bẹ́ńṣì ni ó wà ní ibì kan tí kò sì sí ní ibì kejì.

Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí ní oṣù kejìlá ọdún 1825, wọ́n sì fún un ní orúkọ Samuel Crowther. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1826, ó lọ sí ilé-ìwé ní Islington fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà sí Sàró ní 1827. Ní ọdún náà ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀, Àjàyí sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó fẹ́ Susan Thompson, tí òun náà jẹ́ ẹrú tí a gbà sílẹ̀ tí ó sì di olùkọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Àjàyí ṣe fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní abúlé àti ní Fourah Bay. Àwọn ènìyàn kì í sábà rántí èyí; bíṣọ́ọ̀bù ni gbogbo wọn ń rántí.

Ní ọdún 1841 ó bá ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Odò Ọya. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn-àjò náà, ó sì hàn sí C.M.S. pé bí ẹ̀kọ́ yóò bá wọ inú ilẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ fúnra wọn ni yóò gbé e wọ̀ ọ́. Wọ́n pe Àjàyí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1843. Ní ọdún kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àti gírámà èdè Yorùbá jáde.

Ẹ̀yin yóò bi mí pé kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé Yorùbá ni ó kọ́kọ́ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá ni ilé-ìwé kọ́kọ́ pọ̀ sí ju ti àwọn aládùúgbò wọn lọ. Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn láti sọ. Ogun ni. Ní àkókò tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń wó, tí ìlú ń jó, tí a sì ń kó ènìyàn lọ sí etí òkun, ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọkọ̀ ẹrú. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi pọ̀ ju ẹ̀yà mìíràn lọ láàrin àwọn tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Sàró. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn kan lára wọn ti ń padà sí Àgbádárìgì, Èkó àti Abẹ́òkúta, wọ́n ń mú ìwé àti ìfẹ́ ilé-ìwé bọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ìwé Yorùbá yangàn ní gáréèjì, òfò Òṣogùn àti ti ọgọ́ọ̀rọ̀ ìlú bíi tirẹ̀ ni ó ń fi yangàn láìmọ̀.

Àjàyí dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá tí ó fi rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ya ara wọn. Wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì ń wo ojú ara wọn. Ìyá náà gba ìrìbọmi ní 1848, ó sì jẹ́ Hannah. Nínú ilé yẹn ni Àjàyí ti ń tú Bíbélì sí èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Ó ń fetí sí àwọn àgbà, ó ń ṣa òwe jọ, ó ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣègùn àti babaláwo, kí ohun tí a bá tẹ̀ sínú ìwé má baà dàbí ọ̀rọ̀ àjèjì létí ọmọ tí ń kọ́ ọ. Ní ọdún 1859, ọkọ ọmọ rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Ó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí.

Ní 1857 ni Àjàyí gbé iṣẹ́ náà lọ sí ìhà Odò Ọya. Ó fi Taylor sílẹ̀ ní Onitsha, òun fúnra rẹ̀ sì ń gòkè lọ. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ sára àpáta nítòsí Jẹ́bà ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ó ti tẹ ìwé ìkọ́wèé-kíkà kan jáde ní èdè Ìgbò ní 1857, ó sì tẹ gírámà Tápà jáde ní 1864. Ọdún 1864 yìí náà ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn ní ibi gbogbo. Ní Rabba, ní ilẹ̀ Tápà, ibùdó wọn kò pẹ́ tí ó fi parẹ́. Ogun abẹ́lé ba ti Gbebe jẹ́. Ní Bonny, àwọn ìjòyè tí ń ta epo fẹ́ kí ọmọ wọn mọ ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì kí òyìnbó má baà rẹ́ wọn jẹ nínú òwò, nítorí náà ilé-ìwé rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Kì í ṣe pé ará Bonny gbọ́n ju ará Rabba lọ. Òwò ni ó mú kí ìwé wúlò lójú àwọn kan, ogun àti ìfura sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́dọ̀ àwọn kejì.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó kan Ìlọrin. Ní ìparí ọdún 1871 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1872, Àjàyí rin ìrìn-àjò lórí ilẹ̀ láti Lọ́kọ́ja gba Bida títí dé Èkó, ó sì gba Ìlọrin kọjá. Ó wọ ààfin Ẹ́míà. Ẹ rò ó wò: ẹgbẹ́ ogun tí Fúlàní àti Mùsùlùmí wà nínú rẹ̀ ni ó kó o lẹ́rú ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, òun ni ó sì tún jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàrin àwọn ìjòyè Mùsùlùmí yìí. Àwọn àáfà bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, nípa Ànábì Ísà àti màláíkà Jibrílù. Kò bá wọn jiyàn. Ó ṣí ìwé Yorùbá tí ó gbé dání, ó ń ka ìdáhùn síta fún wọn, wọ́n sì ń gbọ́ ọ nítorí pé èdè wọn ni.

Kì í ṣe ìlú aláìmọ̀wé ni ó wọ̀ ní ọjọ́ náà. Kí òyìnbó tó dé Ìlọrin ni ilé-kéwú ti kún ibẹ̀, tí àwọn ọmọ ti ń gbé wàláà lọ sọ́dọ̀ àáfà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ Haúsá àti Bọ̀rọ̀nú sì ti wá tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn kan níbẹ̀ lè kọ ìwé gígùn ní èdè Lárúbáwá ní ìgbà tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ní Òṣogùn. Bí ẹnì kan bá ti ṣe ìdánwò ìwé kíkà fún àwọn ìlú Yorùbá ní ọdún 1820, Ìlọrin ni ì bá gba ipò kìíní, iyàn ẹ̀jẹ̀ ì bá sì gbè sẹ́yìn àwọn ará Ìlọrin.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Àjàyí. Ní 1897 ni ẹgbẹ́ oníṣòwò Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin, ní 1900 ó bọ́ sí abẹ́ ìjọba Lugard ní ìhà Àríwá. Lugard ṣèlérí fún àwọn Ẹ́míà pé òun kò ní fi ọwọ́ kan ẹ̀sìn wọn, ìjọba sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Mùsùlùmí. Míṣọ́nnárì ni ó sì ní ilé-ìwé nígbà náà. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà mọ́ ọn láìkọ́ tirẹ̀ dípò, ilé-ìwé ni ó dí ọ̀nà mọ́. Ní ọdún 1914 tí a so Àríwá mọ́ Gúúsù, nǹkan bí 1,100 ọmọ ni ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Àríwá, tí ti Gúúsù sì ju 35,000 lọ. Ará Ìlọrin tí ń sọ Yorùbá àti ará Abẹ́òkúta tí ń sọ Yorùbá wà ní ìhà méjì odi kan náà.

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi náà lé ìjọba lórí. Ẹ̀rù ba àwọn òbí pẹ̀lú, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀: ọmọ Mùsùlùmí tí ó bá lọ sí ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù a sábà padà wálé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀, bí ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1923 àti Ansar-ul-Islam tí Sheikh Kamaldeen dá sílẹ̀ ní Ìlọrin ní 1942, àwọn ọmọ tí a ní wọn kò fẹ́ràn ìwé rọ́ lọ síbẹ̀. Ọ̀fà kò dúró de ẹnikẹ́ni: àwọn ọmọ ìlú dá owó jọ, Offa Grammar School sì bẹ̀rẹ̀ ní 1943. Ní ti àwọn Ìgbò tí ìwé pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Yorùbá dọ́gba kí a tó gba òmìnira ní 1960, láàrin ìran méjì péré.

Iyàn ẹ̀jẹ̀ yìí gan-an ni ó ba ọjọ́ ogbó Àjàyí jẹ́. Ní nǹkan bí 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó dé sí Odò Ọya, àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣe àìdáa. Ẹni tí ó bá sọ pé wọn kò ṣẹ̀ kò ka ìtàn náà já. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà kò dá ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan lẹ́jọ́, wọ́n ní Áfíríkà kò tíì tó ẹni tí à ń fi àkóso lé lọ́wọ́. Níwájú ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, bàbá arúgbó tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ó sì ju àádọ́ta ọdún lọ kí ọmọ Áfíríkà mìíràn tó ní ẹkùn bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọmọ rẹ̀, Dandeson, kó àwọn ìjọ etí òkun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ C.M.S. ní 1892. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby, olórí ìjọ Áńgílíkà, dúró ní Canterbury níbi tí wọ́n ti fi í joyè, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ náà ṣe sí i.